ÀYÈ TÍ A FI SÍLẸ̀

Ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé, ṣé gbogbo ohun tí a kò sọ ni ó jẹ́ òfo? Jẹ́ kí a fi ẹyẹ kan dáhùn.

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, jagunjagun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miyamoto Musashi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1645. Bí ó ti mọ idà lò ni ó mọ àwòrán yà. Tàdáwà dúdú nìkan ni ó fi ya ẹyẹ kékeré kan tí ó bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú bébà náà, kò fi ọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ibi funfun yẹn gan-an ni ó ń darí ojú wa sí ara ẹyẹ. Bí tàdáwà bá ti kan irú bébà bẹ́ẹ̀, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́. Nítorí náà ni ayàwòrán fi ń ronú kí ọwọ́ rẹ̀ tó balẹ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta a máa fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Ibẹ̀ ni ọnà ti ń yọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rí, nítorí ẹyin ni ohùn. Kà á sí pé ilé kan náà ni ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, tí o sì rí ìyá rẹ̀ lóru nígbà tí ó wá tọrọ gàrí lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ní ọjọ́ kejì, ìjà dé láàrin yín nídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ gàrí sì wá sí ọ lẹ́nu. Bí o bá gbé e mì, o ti fi àyè funfun sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ yóò sì lè gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni ó dára. Bí akọ̀wé kan ní èbúté Àpápá bá rí ẹni tí ó jí ẹrù, tí a sì mú alábàárù tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ǹjẹ́ akọ̀wé náà lè dákẹ́, kí ó ní òun ń ṣọ́ ẹnu òun ni? Rárá o. Àyè funfun Musashi ń fi ẹyẹ hàn wá; ìdákẹ́ akọ̀wé yìí ń da tàdáwà bo ẹyẹ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí o bá fẹ́ dákẹ́, bi ara rẹ léèrè pé: ta ni ìdákẹ́ mi yìí ń dáàbò bò? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ìyà ń jẹ, dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ olè, tàbí ojo inú ara rẹ, sọ̀rọ̀.