Eérú Tí Ó Wà Lábẹ́ Iná

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, nígbà tí a bá ka orí kẹfà Ìwé Léfítíkù, ohun tí a sábà máa ń dì mú ni àṣẹ pé kí iná orí pẹpẹ má ṣe kú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí iṣẹ́ tí a kọ́ kọ sílẹ̀ níbẹ̀: àlùfáà yóò wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, yóò kó eérú kúrò, yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò sì gbé eérú náà jáde kúrò ní ibùdó. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ wọ̀nyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Àgọ́sàsà níhìn-ín, n kò sì ronú kan eérú náà rí, títí iná ilé ìdáná mi fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, aya mi pè mí ní òwúrọ̀ kan pé, "Bàbá wa, ẹ wá wo iná yìí." Iná gáàsì tí í máa dá bí aró ti di pupa rúsúrúsú, ìdí ìkòkò sì dúdú bí èyí tí a gbé lé ààrò igi. Mo dáhùn pé, "Ṣebí ó ń jó?" mo sì bá tèmi lọ. Nítorí òjò, a ti fèrèsé pa. Kí ó tó di ọ̀sán, orí ń fọ́ ọmọ wa obìnrin, èébì sì ń gbé e. A gbé e jáde sí gbangba. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ara tù ú.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ iná Bunsen, tí a ṣe ní Heidelberg ní nǹkan bí ọdún 1855. A ń fi afẹ́fẹ́ lú gáàsì kí ó tó jó, nítorí náà ni iná rẹ̀ fi ń mọ́. Bí a bá dí ihò afẹ́fẹ́ náà, iná a pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀kọ tí ó hó dà, epo tí ó ta, àti ilé aláǹtakùn ṣe ń dí ojú iná wa. Gáàsì tí kò jó tán a máa bí afẹ́fẹ́ olóró kan, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀. Òórùn tí a mọ̀ mọ́ gáàsì, ńṣe ni a fi sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Kò lè kìlọ̀ olóró yìí fún wa.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ẹnu sílíńdà pa, mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, mo sì ṣí orí iná náà. Omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò rẹ̀ láìfẹ̀ wọ́n. (Àwọn kan ní kí a lo igi ìṣáná, tèmi kán sínú ihò, ó sì gbà mí ní wákàtí kan kí n tó yọ ọ́.) Mo jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí omi inú ihò pẹ̀lú a máa ba iná jẹ́. Mo fi ìfófó ọṣẹ pa oríkèé rọ́bà, bóyá yóò hó; iná ìṣáná kọ́ ni a fi ń wá ibi tí gáàsì ń jò. Bí iná bá ṣì pọ́n lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a pa á, kí a pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo tún tàn án, ó dá bí aró. Aya mi wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó gbé ìkòkò kaná. Èmi ni mo lọ ṣí fèrèsé.