Ìbéèrè Ha Ń Ba Ìtàn Jẹ́ Bí?

Nínú àlọ́ kan, ojúkòkòrò pa Ìjàpá; nínú òmíràn, ó tún ń rìn. Bí ọmọdé kan ní Ògbàgì-Àkókó bá béèrè ìdí rẹ̀, ó ha kan apàlọ́ lábùkù bí? Rárá.

Ní ọdún 1966, nínú Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ‘James R. Kirk’ ni a kọ sára òkúta ibojì fún ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ó di ‘James T. Kirk’. Àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà ni ó ń wá àlàyé.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìtàn kì í mọ ibi tí ó ti wọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé bí Ìjàpá tilẹ̀ jí, ojúkòkòrò kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ìwà rere.