Ẹni Tí Kò Béèrè Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí tara ẹnì kan bá bá a dákẹ́, ẹ̀bi ta ni? Ṣé ti ẹni tó dákẹ́ ni, àbí ti àwa tí a lójú tí a ò fi wò ó?

Ọgbà òdòdó ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní Erúnmu níbí, bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ó di nǹkan bí oṣù kẹta kó tó padà. Ọyẹ́ á dé, ètè á là, omi kànga á máa lọ sílẹ̀, okùn korobá á sì máa gùn sí i. Àsìkò yìí gan-an lẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń pọnmi láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe fún mímu o, fún òdòdó òyìnbó àti koríko tí a tẹ́ síwájú ilé bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bu omi sí wọn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rọ, gbogbo ilé á sì máa káàánú wọn.

Lẹ́bàá ògiri ilé kan náà ni ọ̀dúndún dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò wo ibi tó wà. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ewé rẹ̀ nípọn, omi ló fi pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé ló ń lanu mí lọ́sàn-án, tí oòrùn á sì fa omi ara wọn lọ. Ọ̀dúndún àti ìbátan rẹ̀, àbámodá, gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Òru ni wọ́n ń gba atẹ́gùn sínú, wọ́n á sọ ọ́ di ohun kíkan, wọ́n á fi pamọ́ dilẹ̀ mọ́. Ní 1813, Benjamin Heyne kọ̀wé pé òun tọ́ àbámodá wò ní Íńdíà: láàárọ̀ ó ń kan, tó bá di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́.

Àbúrò mi kan tó jẹ́ tíṣà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni òùngbẹ ń gbẹ là ń fún lómi. Èyí tí ò béèrè, kí lẹ fẹ́ fomi ṣe fún un?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló kó àwọn tí kò lè fara da òùngbẹ wálé? Orí ta ni omi wọn sì wà?

Pé ẹnì kan ò béèrè, kò sọ pé kò nílò nǹkan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pẹ́, ewé ọ̀dúndún á fẹ́lẹ́, á hunjọ. Owó ìpamọ́ ló ń ná yẹn. Síbẹ̀, ẹ bu omi fún un bíi ti àwọn tó kù, gbòǹgbò rẹ̀ á rà. Ọgbọọgba kọ́ ni ẹ̀tọ́, ẹ gbọ́ o! Ohun tí ọ̀dúndún fẹ́ ni ilẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí, ìmọ́lẹ̀, àti ọkọ́ tí kò ní pè é ní èpò.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tú koríko àti òdòdó ìgbẹ́ tó wà ní pápá ńlá àárín ilẹ̀ wọn, nítorí àlìkámà. Ta ló ń bu omi fún wọn tẹ́lẹ̀? Kò sí. Nígbà tí ọ̀dá dé láàárín 1930 sí 1940, kò sí gbòǹgbò tó máa di ilẹ̀ mú mọ́, atẹ́gùn bá gbé erùpẹ̀ lọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Yunifásítì Wisconsin bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó ìgbẹ́ padà sórí oko àtijọ́ kan ní Madison.

Ẹ wá wo ilé yín. Àkọ́bí tí kì í yọni lẹ́nu, gbogbo owó ń bá oníjàgídíjàgan lọ. Ìyàwó tí kì í ṣàròyé. Mẹ́séńjà ọ́fíìsì tí kì í bèèrè àfikún owó. À ń yìn wọ́n pé wọ́n ní sùúrù. Ṣé sùúrù wọn là ń yìn ni, àbí owó tí sùúrù náà ń bá wa dá dúró sápò?

N ò ní kẹ́ ẹ fa òdòdó òyìnbó tu. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kẹ́ ẹ tó bu omi, ẹ wo ewé. Ẹni tó ń ké, etí là ń fi gbọ́ tiẹ̀. Ẹni tí ò ké, ojú la máa fi gbọ́ ọ.