Àdéhùn Ilé Gbígbà àti Ẹni tí Àtúnṣe Wà Lọ́rùn Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Allāhu, Ọba tí Ó fi ilé ṣe ibi ìfọ̀kànbalẹ̀ fún àwa ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí a bẹ̀rù Allāhu. Wásinmi ni orúkọ ìlú wa. Ẹni tí ó bá ti Ìkirè, Àpòmù tàbí òkèèrè wá gba yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wa, ìsinmi ni ó bá wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mélòó ni ìsinmi náà ti di ìjà nítorí páànù tí ìjì ṣí tàbí ògiri tí òjò wó?

Láìpẹ́ yìí, ẹjọ́ kan dé iwájú wa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ayálégbé kan sọ pé nígbà tí ìjì ṣí òrùlé yàrá òun, bàbá onílé ní kí òun tún un ṣe, kí òun sì yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé ọdún tí ń bọ̀. Ó ra páànù, ó pe káfíńtà. Kí ọdún tó yí, bàbá ti jáde láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò gbọ́ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, kí ó san owó ilé pé. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn tí wọ́n ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìrun kò kí ara wọn mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Kí ni ẹ̀sìn wí? Àdéhùn ẹnu, àdéhùn ni. Nínú Sūratul-Mā'idah, āyah kìíní, Allāhu pa wá láṣẹ láti mú àdéhùn ṣẹ, kò sì yọ ti ẹnu sílẹ̀. Òfin ilé gbígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 náà ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn. Ṣùgbọ́n āyah tí ó gùn jùlọ nínú Al-Kùránì, Sūratul-Baqarah 282, pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè tí ó ní àsìkò sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí. Owó páànù tí a ó yọ lọ́dún tí ń bọ̀, gbèsè ni.

Ní ti àtúnṣe, ohun tí ilé kò ṣeé gbé láìsí i, bí òrùlé àti ògiri, ti onílé ni. Nínú ìlànà Imām Mālik, bí onílé kò bá tún un ṣe, ayálégbé lè tú àdéhùn ká. Ìwé òfin Majallah, tí ìjọba Ottoman parí ní 1876, là á yéni pé àtúnṣe tí ayálégbé bá ṣe láìgba àṣẹ, ọrẹ ni, kò lè bèèrè owó rẹ̀. Èyí tí ó bá gba àṣẹ ṣe, ọrùn onílé ni owó rẹ̀ wà. Ohun tí ayálégbé bá fi àìbìkítà bà jẹ́, òun ni yóò tún un ṣe. Èyí tí ó gbó fúnra rẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Nínú ẹjọ́ tí a wí, ẹni tí ó pẹjọ́ ni ẹ̀rí kàn, ẹni tí ó sẹ́ ni ìbúra kàn. A ní kí àkọ́bí olóògbé búra pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá búra, ó jàre. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní: “Ẹ̀yin Àáfà, bí ó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé kí n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́rùn bàbá mi nínú sàréè?” Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí a yọ owó páànù. Ayálégbé náà yọ̀ǹda owó iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó ilé, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn rẹ̀, àti àṣẹ tí ẹ bá fúnni lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ó bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Kí Allāhu má jẹ̀ẹ́ kí a kú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Āmīn.