Ẹbọ Ni, Àbí Ilẹ̀ La Gbá?

 

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi, ọmọbìnrin tó wà ní yunifásítì, wá sílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní fóònù tó ti kú nílé?" Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ń kó ògbólógbòó fóònù, kọ̀ǹpútà, ṣájà àti wáyà jọ. Wọ́n á tà á fún àwọn tó ń tú ẹ̀rọ, owó rẹ̀ á sì lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Inú mi dùn. Mo wọ yàrá, mo da àpótí kan sílẹ̀, fóònù mẹ́sàn-án ló jáde, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo ní, "Gbà, ẹbọ mi rèé. Ọ̀la ni kí o wá kó o, kí n lè nù wọ́n."

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹbọ kẹ̀? Ilẹ̀ lẹ gbá, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá ibi tí máa da ẹrù yẹn sí. Ẹnì kan fẹ́ bá mi gbé e kúrò, ilé mi máa fẹjú, mo tún ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ẹsẹ Ifá mọ bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n á dífá fún ẹnì kan, wọ́n á ní kó rúbọ, wọ́n á ka ohun ẹbọ: ẹyẹlé, àkùkọ, owó. Àìmọye ìgbà ni aṣọ máa ń wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe aṣọ tuntun láti ọjà. Aṣọ tó wà lára onítọ̀hún gan-an ni. Nítorí náà ohun tó gbó lè di ẹbọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i lára, á mọ̀ pé òun bọ́ nǹkan. Àkísà tó ti wà nídìí àpótí láti ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀?

Mi ò sọ pé fóònù tó kú kò níye lórí o. Wúrà, fàdákà àti bàbà wà nínú rẹ̀. Láàárín 2017 sí 2019, àwọn ará Japan kó fóònù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà jọ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn, ohun tí wọ́n yọ nínú wọn ni wọ́n fi rọ gbogbo àmì-ẹ̀yẹ Olympics àti Paralympics Tokyo, nǹkan bí 5,000. Ògún ò kú sínú irin. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún kan, Ifá ní kí n gbé ẹbọ lọ sí ààtàn. Mo gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rò pé èmi nìkan ni máa wà níbẹ̀, àṣé àwọn ọmọ kan ti dáná. Wáyà ni wọ́n ń sun, kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jóná, kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín náà dúdú, ó ń ta ni lọ́fun bí ata. Ọ̀kan nínú wọn, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, fi àkísà di imú. Ó dọ̀bálẹ̀, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá," ó sì fi ẹsẹ̀ gbá eérú sẹ́yìn kí n lè rí àyè gbé ẹbọ mi kalẹ̀. Ó ń wúkọ́ bó ṣe ń ṣe é.

Ààtàn yẹn ni ẹbọ àti pàǹtí ti ń pàdé. Ibì kan náà, ilẹ̀ kan náà. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Lójú tèmi, ìbéèrè ni. Ká tó gbé ẹbọ jáde, a máa ń bi Ifá: níbo ni yóò lọ? Ta ni yóò gbà á? Ṣé ó fín? Bí kò bá fín, a ò lè ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́, a máa padà síbẹ̀ ni. Ní ti pàǹtí, a dà á nù, a kẹ̀yìn sí i, ó parí.

Orílẹ̀-èdè wa mọ ìtumọ̀ kí wọ́n kẹ̀yìn sí pàǹtí. Ní 1988, ní Koko, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Delta lónìí, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé tó ti Ítálì wá nínú ọgbà ẹnì kan. Owó háyà táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn Basel lórí kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí ka ẹrù ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan tó 60,000 tọ́ọ̀nù, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ti kú kó tó dé. (Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ èyí o. Mi ò bá tòkunbọ̀ jà.)

Nígbà tí ọmọ awo mi dé lọ́jọ́ kejì, mo bi í pé: "Ta ló ń ra ẹrù yìí lọ́wọ́ yín? Wáyà àti bátìrì tí kò wúlò, ta ni wọ́n ń kó o fún?" Kò mọ̀. Inú tiẹ̀ bí i díẹ̀. "Bàbá, àwọn ọmọ aláìníyàá ló ń jẹ owó náà o."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ebi kì í dúró de ìwádìí. Àmọ́ ọmọ tó fi àkísà dimú yẹn, ọmọ ta ni? Bí oúnjẹ ọmọ kan bá ti inú ìwúkọ́ ọmọ mìíràn jáde, èwo nínú àwọn orí méjèèjì la bọ?

Ó lọ wádìí. Ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ojú rẹ̀ ò dán. Ẹni tó ń rà á ń kó ibi tó lówó lórí lọ sílé iṣẹ́, ó sì ń ta wáyà fún àwọn ọmọ ààtàn. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn tó níwèé àṣẹ, tó ń gba ohun gbogbo títí dórí bátìrì, ṣùgbọ́n ìdajì owó ló ń san. Ilé àwọn ọmọ aláìníyàá ló máa jẹ gbèsè ìdajì tó kù.

Mo bọ́ sí yàrá, mo mú nínú owó tí mo ń tọ́jú fún òrùlé mi, mo fi dí i. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan tún kù. Kí n tó kó àwọn fóònù náà sílẹ̀, mo tan àwọn tó ṣì ń tàn. Àṣírí ènìyàn ló kún inú wọn: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ tú, odù tó jáde fún wọn. Àti mo fẹ́ kó o lé ọmọlọ́mọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀! Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn tí kò tàn, mo ní kí oníṣẹ́ fóònù fọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń wà nínú wọn lójú mi.

Mẹ́jọ ló bá ọmọ náà lọ. Ìkẹsàn-án wà nínú àpótí. Ohùn olúwo mi tó ti papòdà wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ń sun ìyẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ifá. Kò tàn mọ́. Oníṣẹ́ fóònù ní òun lè gbìyànjú, àmọ́ ó lè bàjẹ́ pátápátá lọ́wọ́ òun. Mi ò tíì gbé e fún un.