Ta Ni Ó Ń Parí Iṣẹ́ Agbésùnmọ̀mí?

Ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn oníbọn kọlu ìjọ Kátólíìkì ti Fransisi Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀ bí ìsìn ti ń parí lọ. Wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju ohun abúgbàù sí àárín àwọn olùjọsìn. Àwọn tí ó kú kò dín ní 40, ọmọdé sì wà nínú wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán àwọn òkú nínú ẹ̀jẹ̀ ti dé orí fóònù ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kì í ṣe àwọn apànìyàn ni ó fi wọ́n ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn rere ni: olùkọ́, ìyá ìjọ, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tí ó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí inú tirẹ̀ náà yóò bàjẹ́, pẹ̀lú àdúrà kúkúrú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí ni pé, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ha dára bí?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, títúfọ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, a kì í ti ẹnu ọ̀nà kígbe ikú sí abiyamọ. Àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ pàdé. Wọn yóò yan ẹni tí yóò sọ ọ́, wọn yóò sì wá ẹni tí yóò jókòó ti olọ́fọ̀. Pé ara ọmọ kò yá ni a óò kọ́kọ́ wí, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọra bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní irọ́. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìròyìn wúwo gẹ́gẹ́ bí ẹrù, a sì ní láti wo orí ẹni tí a fẹ́ gbé e rù. Fóònù kò mọ ìyá yàtọ̀ sí àlejò. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìsìn lè ṣí i láti wo aago, kí ó sì bá aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán fún ọmọ náà nínú àwòrán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju èyí lọ. Olè a máa fẹ́ òkùnkùn, kí a má baà mọ ohun tí ó ṣe. Agbésùnmọ̀mí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni ó ń wá. Kì í ṣe àwọn tí ó pa ni ó ń bá sọ̀rọ̀, bí kò ṣe àwa tí ó ṣẹ́kù, kí ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta, tí kò gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo, lè máa bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ìjọ nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe náà le ju bí àwa ìbá ti sọ ọ́ lọ, nítorí ẹni tí ó fi àwòrán ránṣẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó wà lórí àjà kò lè gbé epo náà sọ̀ kalẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó tẹ́wọ́ nísàlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Christchurch, ní ilẹ̀ New Zealand, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2019. Ọkùnrin kan tí ó kórìíra àwọn Mùsùlùmí wọ mọ́ṣáláṣí méjì ní àkókò ìrun Jímọ̀, ó sì pa ènìyàn 51. Ó so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ra, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn lórí Facebook bí ó ti ń ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ti wí, àwọn tí ó wò ó lójú ẹsẹ̀ kò pé 200. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 24, ẹ̀dà fídíò náà tí wọ́n ní láti mú kúrò tó mílíọ̀nù 1.5. Ta ni ó gbé e láti 200 dé mílíọ̀nù kan ààbọ̀? Apànìyàn ti wà ní àhámọ́ nígbà náà. Ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti ní fídíò náà lọ́wọ́, Jacinda Ardern tí í ṣe olórí ìjọba nígbà náà sì wí ní ilé ìgbìmọ̀ pé a kì yóò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà láti ẹnu òun.

Ẹnìkan lè wí pé, kí gbogbo wa kúkú pa ẹnu mọ́. A ti dán an wò láyé àtijọ́. Tẹ́ḿpìlì Diana ní Efesu, èyí tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì, òmíràn ti wà ṣáájú rẹ̀ ní ibẹ̀, tí ọkùnrin kan dáná sun ní ọdún 356 ṣáájú ìbí Olúwa wa, kí orúkọ rẹ̀ má baà parun láé. Àwọn ará Efesu ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Òpìtàn kan kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì wà nínú ìwé di òní. (Àwa kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ gidigidi yóò rí i.)

Èyí tí ó tún burú ni pé ìdákẹ́ a máa pa àwọn tí a ti pa lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2015, Boko Haram ṣígun wọ Baga, ní ìpínlẹ̀ Borno, létí adágún Chad. A kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ó kú: àwọn ológun ní 150, àwọn ẹlòmíràn ní ó lè tó 2,000. Ní ọjọ́ bí mélòó kan lẹ́yìn náà àwọn agbésùnmọ̀mí pa ènìyàn 17 ní Páríìsì àti agbègbè rẹ̀, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 40 sì rìn ní ìgboro ibẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù náà. A kò wí pé kí a má sunkún Páríìsì. Ṣùgbọ́n ìlú tí a kò tilẹ̀ lè ka òkú rẹ̀, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́? Nígbà tí a kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ológun fi kéde pé a ti gba gbogbo wọn àfi 8. Ọ̀gá ilé ìwé náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ológun sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Bí kò bá sí ẹni tí ó lanu, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ìbá parí sí. Àwọn kan ní igbe tí ayé ké ni ó sọ wọ́n di ọjà iyebíye lójú àwọn tí ó kó wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn 82 padà sílé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Títí di ọdún 2024, iye tí ó lé ní 80 ni kò tíì padà. Àwa fara mọ́ igbe náà síbẹ̀. Igbe a máa pe olùrànlọ́wọ́. Àwòrán òkú, awòran ni ó ń pè.

Ohun kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní ọjọ́ tí ti Ọ̀wọ̀ ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí ó ṣe é, a ti ń ka ẹ̀bi sí ẹ̀yà kan lọ́rùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà ìjọba àpapọ̀ wí pé ISWAP ni àwọn fura sí. Ọdún 2025 ni a sì tó kó ènìyàn 5 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá. Láàárín ìgbà náà, ẹni tí ń sun súyà ní Sábo, tí kò mọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ rí, kí ni a ti wí nípa rẹ̀? Bí a bá lù ú, agbésùnmọ̀mí ti jèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ná ọta kan sí i.

Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò béèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ tí ó ti wo fídíò kò lè gbàgbé rẹ̀ nítorí pé a ní kí ó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó rí. Ẹ sọ èyí tí ó dájú fún un, kí ẹ sì bá a nu fídíò náà kúrò.

Lẹ́yìn ìkọlù náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ń rìn lórí àwọn fóònù kan náà: pé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, pé a ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tí ó bá lè wá má ṣe pẹ́. Ẹni tí ó kà á mọ ohun tí ó kàn láti ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni a ṣe ìsìn ìsìnkú, a sì ya àwòrán àwọn pósí níbi tí a tò wọ́n sí. Àwòrán yẹn náà rìn jìnnà, ó wọ inú ìwé ìròyìn. Àwọn ẹbí sì lè wò ó, nítorí a ti bo ojú àwọn òkú.