Ìbò Tí A Kò Kà

Ṣé gbogbo ohun tí òfin bá gbà ni ó tọ́? Ní ọdún 1792, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, George Clinton àti John Jay du ipò gómìnà ìpínlẹ̀ New York. Àwọn olùka ìbò, tí púpọ̀ wọn wà lẹ́yìn Clinton, da ìbò Otsego àti ti agbègbè méjì mìíràn nù. Wọ́n ní àkókò iṣẹ́ ṣẹ́rífù tí ó fi ti Otsego ránṣẹ́ ti tán. Ìbò 108 péré ni Clinton fi wọlé.

Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé ìṣirò lè pé lórí ìwé, kí ẹlẹ́tọ̀ọ́ má sì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Òfin tí a ṣe kí ìbò má baà sọnù, òun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ nù.

Jay rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n má ṣe dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1795, ó wọlé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ọdún mẹ́ta padà fún àwọn ará Otsego? Kí àwọn ọmọ wa tó béèrè bóyá òfin gbà á, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tí a rẹ́ jẹ.